Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Dàgbà

Ìyá aránṣọ kì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀ ló fi ń ya ọnà tí yóò rán sí ọrùn aṣọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú òkèèrè, wá kí i, ó fẹ́ fi ètò tí wọn yóò fi máa rí ojú ara wọn sórí kọ̀ǹpútà náà. Ètò kọ̀ jálẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án, pàbó ló já sí. Àfi ìgbà tó wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: ọdún tí òun ṣì wà nílé ìwé girama ló wà níbẹ̀!

"Màmá, ta ló da déètì yìí rú?"

"Èmi ni. Ètò tí mo fi ń ya ọnà ló ní ọjọ́ òun ti pé, òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo bá dá a padà sí ọdún tó ṣì ń gbọ́ràn. Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún déètì ṣe, ètò tuntun sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ránṣọ, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ gbé e wá sí òní."

Ìyá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ní ọdún tèmi yẹn," ó ní, "mo kàn máa ń pè ẹ́ ni, wàá sì dáhùn láti yàrá kejì."