Abọ́ Ìyá Mi

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Warri, ìyá onílé wa ní kí ìyá mi kó jáde nítorí ikọ́ ife. Ìyá mi ti lo oògùn tán, ilé ìwòsàn sì ní ara rẹ̀ ti yá, kò lè ranni mọ́. Síbẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì bóyá abọ́ oúnjẹ lè kó o ranni. Ó ní rárá, afẹ́fẹ́ ni ikọ́ náà ń bá rìn.

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Mama, when you dey pack?"

Ìyá mi ń jẹ ẹ̀bà. Ó fa abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí n má baà fọwọ́ kàn án. Mo fà á padà, mo bu òkèlè.

"Graduate, you go die o!" ni ìyá onílé kígbe; bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì.

"Make I belleful first. We no dey pack," ni mo dá a lóhùn.

Ìyá mi ti ẹran inú abọ́ náà sọ́dọ̀ mi.