Òkú Tó Ṣáájú Wa Dé Ilé Ìwòsàn

Ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ áńbúláǹsì, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló sọ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé: "Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kó o kọ́kọ́ lọ bá." Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mọ́tò àti ọ̀kadà kọlu ara wọn lọ́nà Sèmè-Podji.

Ká tó débẹ̀, gbogbo èrò ti di dókítà. Wọ́n yí onímọ́tò ká, alàgbà kan tó wọ aṣọ funfun báláú. Gíláàsì ti ha á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí aṣọ náà. Ó ń ké pé òun ti kú. Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, ẹlòmíì ń gbàdúrà lé e lórí. Ọlọ́kadà dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan.

Ọ̀gá mi yẹ alàgbà wò, ó fún un láṣọ kó fi tẹ orí, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́kadà.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, màmá. Òùngbẹ ló kàn ń gbẹ mí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, òógùn bò ó, iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lù láìlágbára. Ọ̀gá mi fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: ó le bí igi. Inú ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀, níbi tí ojú èrò kò dé. Obìnrin kan ti ń na omi inú ọ̀rá sí i. Mo gbà á, torí ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ kì í mu omi.

"Ìkà ni yín o!" ni obìnrin náà wí. "Ẹ pa àgbàlagbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tì, ẹ tún ń fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ!"

A gbé ọlọ́kadà wọ áńbúláǹsì, a bò ó kó má baà tutù sí i, a tẹná mọ́kọ̀. Alàgbà tó ti kú fi ìbínú gun ọ̀kadà míì. Kò sẹ́ni tó yà fún fèrè wa, ṣùgbọ́n ọ̀kadà tirẹ̀ gba àárín mọ́tò kọjá. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn la bá a, tó ti ń fẹjọ́ wa sun nọ́ọ̀sì.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọlọ́kadà lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ ló kù. Ó yè.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó rí mi ní àdúgbò Jonquet, ó ní dandan ni kí n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà òun. Ó ki wá bọ àárín ọkọ̀ ẹrù méjì, ó ń fọwọ́ kan wakọ̀, ó ń fi èkejì ṣàlàyé bí Ọlọ́run ṣe yọ ọ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ojo ni yín o! Báwo lẹ ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?"