Bí 'V' Ṣe Wọ Ìwé Ìtàn Ìjọ Wa

Mo rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu pásítọ̀ wa ní Ọ̀mù-Àrán lọ́sàn-án ọjọ́ náà: "Olúva." Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà: "Olúva, Ọlọ́run àwọn càbá wa." Àwa tí a jókòó níbẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ. Àgbà ìjọ kan ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ta ní ń jẹ́ Olúva? Ṣé a ti pààrọ̀ Ọlọ́run ni, tí ẹ ò sọ fún wa?" Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú yí sí Mọ́mì, nítorí òun ló tẹ ìwé ìtàn ìjọ tí pásítọ̀ ń kà náà. Mọ́mì nawọ́ gbà á, ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì lè pa á dé. Ó ní, "Háà! Ó tọ́ lójú mi kí n tó dìde o."

Mọ́mì kì í ṣe ìyá mi, gbogbo ìjọ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìwé títẹ̀ ló fi jẹun ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọrin láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó sì padà wálé. Tó bá ń tẹ̀wé, ìwé tó ń dà kọ ló máa ń wò, kì í wo ọwọ́ rárá. Ó lè máa bá ẹ sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta iṣu, kí ìka rẹ̀ má sì dúró. Nígbà tí ìjọ pinnu pé àwọn máa kọ ìtàn ara àwọn, tí àwọn àgbà ń kó ìwé àfọwọ́kọ wọn wá, tí ti ará Ìsánlú-Ìsin kan tilẹ̀ dé nínú àpò ìrẹsì, kò sí ẹlòmíràn tí ọkàn wọn lọ sí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé gíga pólì dé nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé láti Ọ̀mù-Àrán títí dé Àràndùn, kò sí ọmọbìnrin tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi. Kódà mo gbà pé bóyá kò sí ọkùnrin náà.

Kọ̀ǹpútà ìjọ dára, ṣùgbọ́n kò yá tó lójú mi. Mo ti rí i lórí fóònù bí àwọn kan ṣe ń wọ inú ètò ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n ń mú kí ọpọlọ rẹ̀ sáré ju bí wọ́n ṣe dá a lọ. Ni mo bá ṣe tiwa náà bẹ́ẹ̀. Mo fi kún eré ọpọlọ rẹ̀, mo fi kún ti ráàmù, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ó fò! Inú mi dùn débi pé èmi nìkan dìde jó nínú ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ di búlúù lójijì, ó kú, ó tún ara rẹ̀ tàn. Mo dín eré náà kù díẹ̀, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo gbé fáànù àwọn akọrin kọjú sí i. Kò kú mọ́. Mo ní ó ti gbádùn nìyẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi fagbára mú tèmi, n kò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí pásítọ̀ bi mí ohun tí fáànù ń ṣe níbẹ̀, mo ní ooru mú.

Lẹ́yìn ìpàdé Olúva yẹn, Mọ́mì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n tún rí òmíràn: "ìyá" ti di "ìxá", "pẹ̀lú" ti di "qẹ̀lú". Mọ́mì pè mí, ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Ọmọ mi, wò ó. Ọwọ́ atẹ̀wé lè ṣì, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà nítòsí ló máa ń ṣì tẹ̀. Ìka tó bá ọmọńdinrín dúró yìí ni mo fi ń tẹ w, òkè ló wà. Ìka ìlábẹ̀ ni mo fi ń tẹ v, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà. Báwo ni ti òkè ṣe máa ṣìnà dé ìsàlẹ̀? Àti pé látìgbà tí mo ti ń tẹ Yorùbá, kí ni mo fẹ́ fi v ṣe?" Ká ní mo ní etí ni, èsì gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rín músẹ́ ni mo rín. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ orí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ ṣe dígí tuntun ní Ìlọrin. Ó ń wá sí ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń gbàdúrà lé ọwọ́ rẹ̀ lórí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé bá a, ó ti fi bírò kọ w kún ojú ewé kan, omijé sì ń bọ́ sórí rẹ̀. Mo rọra padà sẹ́yìn, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí láti Èkó. Ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, báwo ni Mọ́mì ṣe ń ṣe gan-an? Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò gbọ́ tàwọn mọ́." Ẹyin lohùn, mo mọ òwe náà láti kékeré, síbẹ̀ mo là á mọ́lẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, kí n má purọ́ fún yín, Mọ́mì ti ń gbàgbé." Ó ké "Yéè!" sí mi létí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ Mọ́mì ti pinnu pé àwọn máa wá mú ìyá wọn lọ sí Èkó ní Sátidé, àwọn á sì ti ilé rẹ̀ pa. Mọ́mì, tó ti ń sọ pé òun ò ní í gbé Èkó láéláé, kò bá wọn jà. Ó ní bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, mo ṣí lẹ́tà tí èmi fúnra mi tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ìjọ láti fi wá iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á lánàá, ó sì dán. Níbi tí mo ti kọ "work", "vork" ló wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo wo ọwọ́ ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ọjọ́ orí wo nìyẹn?

Mo wá ètò tí wọ́n fi ń dán ráàmù wò sórí fíláàṣì, mo fi tan kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí ìlà pupa, tí í ṣe àmì àṣìṣe, fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, títí ó fi kún ojú rẹ̀. Mo yọ ráàmù méjèèjì, mo fi ìrésà ọmọ iléèwé nu eyín wọn, mo tì wọ́n padà. Pupa. Mo fi ọ̀kan nìkan dán an wò, mo fi ìkejì nìkan dán an wò, mo pààrọ̀ ojú ihò wọn. Pupa. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ráàmù ló bàjẹ́, kó má jẹ́ èmi. Nígbà tí n kò ríbi sá sí mọ́, mo dá eré rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe dá a, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi rọlẹ̀. Pupa kan ò yọ. Eré tí mo fi kún un ló ń mú kí ráàmù máa fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. Èmi ni mo ń yí lẹ́tà Mọ́mì padà láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sílé Mọ́mì. Mọ́tò ti dé láti Èkó, wọ́n ti ń di ẹrù sí bùútù kí wọ́n lè tètè jí gbéra. Mo kúnlẹ̀ níwájú ilé, mo rò ó láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìwọ! Ìwọ tí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi lórí fóònù!" Mọ́mì gbọ́wọ́ sókè sí i.

Ó bi mí pé, "Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn ń kú tó ń jí, o mọ ohun tí o ṣe sí i?"

"Mo mọ̀, mà."

"Nígbà tí mo ń fi ìka mi hàn ọ́ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé mo ti fi kún eré rẹ̀, mà. N kò rò pé..."

"Nígbà tí o bá mi tí mò ń sunkún, tí o padà sẹ́yìn?"

Háà, ó rí mi! Mo rò pé ó máa gbá mi létí, ì bá sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó yí sí ọmọ rẹ̀, ó fi ojúlówó Ìgbómìnà, èyí tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí inú bá bí i, sọ pé kí wọ́n já ẹrù òun. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ bá a gbé e, kò jẹ́.

Mo jẹ́wọ́ fún pásítọ̀ àti àwọn àgbà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́ sí mi. Mọ́mì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ ìwé náà tán, v kan ò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń tẹ̀wé, pé tó bá tẹ ìlà kan tán, á ní kí ẹnì kan wá bá òun kà á.

Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mọ́mì ti dárí jì mí, ó máa ń pè mí. Á sọ fún mi pé òun tún ti ẹnu ọ̀nà padà lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wò ó bóyá òun ti pa gáàsì, á wá bi mí pé ṣé kì í ṣe pé òun ti ń gbàgbé. Mo máa ń ní, "Rárá o, Mọ́mì, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan." Nígbà tó pè kẹ́yìn náà, ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó wá ní, "Ìwọ náà lo sọ fún ọmọ mi pé mo ń gbàgbé. Nínú méjèèjì, èwo ni kí n gbà?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó fẹ́ mọ̀ ni.