Wọ́n Pe Ọmọ Ẹja Mi Ní Yọ́yọ́

Títí di òní, bí mo bá rí kúlà pupa, inú mi á ru. Ìbínú ni, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní àwọn ọdún 1990, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Kettering, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Odò Patuxent ni mo ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹja kan wà tó máa ń ti òkun wá yé ẹyin níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Ìjọba wá ń sin àwọn ọmọ rẹ̀ nínú táǹkì, wọ́n ń dà wọ́n sódò padà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹja náà á máa bá omi lọ sókun. Iṣẹ́ tiwa ni ká fi àwọ̀n kó díẹ̀, ká wọn gígùn wọn, ká sì dá wọn padà láàyè. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n kú, ọ̀gá mi lè lé mi lọ. Wọn ò tíì fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Nílé, Dádì, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi, kì í yé fi mí ṣẹ̀sín. "Oníṣẹ́ ẹja tí kì í gbé ẹja wálé! Ṣé omi lò ń kà níbẹ̀ ni?"

Ní Jímọ̀ kan, Dádì àti ọ̀rẹ́ wọn kan ti mọ́ṣáláṣí wá sétídò, wọ́n gbé kúlà pupa kan dání. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Dádì bojú wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo kó àwọn ọmọ ẹja sí.

"Àlàájì, ẹ wá wò ó! Yọ́yọ́ rèé!"

"Yọ́yọ́ Èkó gan-an," ni ọ̀rẹ́ wọn dáhùn. "Ata àti òróró gbígbóná ló kù."

Kí n tó dìde, Dádì ti da gbogbo rẹ̀ sórí yìnyín inú kúlà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ kú. Iṣẹ́ mi ni."

"Ta ni ò gbọdọ̀ kú? Ẹja? Ṣé èmi lò ń bá wí bẹ́ẹ̀?"

Ilé wọn ni mò ń sùn, oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa kó iṣẹ́ mi bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé sójú ọ̀nà? Wọn ò tilẹ̀ bi mí! Mo fa kúlà náà lọ́wọ́ wọn. Ó yà wọ́n lẹ́nu débi pé wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wọ odò dé orúnkún, mo da àwọn ẹja náà padà sómi. Àwọn kan léfòó, ikùn funfun sókè. Àwọn yòókù mira, wọ́n sì bá omi lọ.

"Amẹ́ríkà ti bà á jẹ́," ni Dádì sọ fún ọ̀rẹ́ wọn, bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n torí pé mo fa nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Lórí ọ̀rọ̀ ẹja, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé kúlà òfìfo fún wọn, mo sì padà sídìí àwọ̀n mi.