Eutimio Tó Ń Gbowó Ẹyẹ

Yúrò márùn-ún ni Eutimio Cabanillas gbà lọ́wọ́ ará Jámánì kan lẹ́nu géètì oko rẹ̀, kí ọkùnrin náà tó lè gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú. Gbogbo ìlú Campillejo ló mọ ìtàn yìí, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

"Ọ̀nà ìjọba ni mo dúró sí," ni ará Jámánì wí.

"Ọ̀nà ni ti ìjọba," Eutimio dá a lóhùn lórí àga oníke rẹ̀. "Ẹyẹ tó o fẹ́ wò, ẹ̀wà mi ló jẹ láàárọ̀ yìí. Ta ló ń bọ́ ọ, èmi ni àbí ìjọba?"

Ọkùnrin náà sanwó. Ṣùgbọ́n kùrukùru bo pápá lọ́jọ́ náà; ẹyẹ kankan ò yọjú. Nígbà tó di ọ̀sán, àlejò ní kí wọ́n dá owó òun padà, òun ń lọ. Eutimio fárígá. Kò ní dá owó padà, kò sì ní jẹ́ kó lọ. "Kò tíì sí Cabanillas tó gbowó ọjà tí kò gbé ọjà kalẹ̀. Jókòó." Ó da agbo àgùntàn rẹ̀ sójú ọ̀nà kí mọ́tò má lè kọjá. Ó fún àlejò ní búrẹ́dì àná tí wọ́n fi òróró àti aáyù dín, ó fún un ní wáìnì, ó sì fún un ní gbogbo ìtàn eyín tó ń dùn ún. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, kùrukùru ká. Akọ avutarda kan, ẹyẹ gìrìwò tó wúwo ju tòlótòló lọ, rìn jáde sí gbangba. Ó fẹ ìyẹ́, ó yí ara rẹ̀ sódì, gbogbo ara rẹ̀ funfun bí ọṣẹ tó ń hó. Abo mẹ́ta yọ lẹ́yìn rẹ̀. Omijé bọ́ lójú ará Jámánì. Eutimio jẹ́ kó sunkún tán, ó wá na ọwọ́ sí i. "Ẹyẹ kan lo sanwó fún. Mẹ́rin lo wò."

Isidoro Murillo kì í bá wọn sọ ìtàn yìí. Òun ló ni ẹ̀rọ ìkórè tó ń ká oko àwọn ará ìlú, ọgbọ̀n ọdún ló fi gé ọkà bálì Eutimio, ọgbọ̀n ọdún náà ló sì fi bá a jà lórí owó rẹ̀. Nínú oṣù kejì ni wọ́n sin Eutimio, lábẹ́ òjò wíniwíni tí kò tó láti mú ilẹ̀ rọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Isidoro jókòó sórí ẹ̀rọ rẹ̀ létí oko olóògbé, ẹ́ńjìnnì ń jó epo lásán, kò sì mọ ohun tí òun yóò ṣe.

Amancio, ọmọ Eutimio, ló pè é láti Madrid. "Bàbá Isidoro, ẹ gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbin igi álímọ́ńdì ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀ lọ́la. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá nǹkan kan lórí ìdúró."

"Àṣá ti yé sí àárín rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò tíì lè fò."

"Bàbá mi ti kú, Bàbá Isidoro. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣá bá wọn lọ."

Àṣá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti Áfíríkà wá yìí kì í yé sórí igi. Inú ọkà ló ń yé sí, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ọkà bá gbó kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó fò, abẹ ẹ̀rọ á kó wọn mọ́ ọkà. Ìtẹ́ wọn ti pọ̀ rí ní pápá Campillejo. Lọ́dún yìí, ẹyọ kan yìí ló kù. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi ọkà díẹ̀ sílẹ̀ láìgé yí ìtẹ́ náà ká, kí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ẹyẹ sì san owó ọkà náà fún olóko. Eutimio fẹ́ràn àṣá, ṣùgbọ́n kò kórìíra owó náà.

Ọdún kan wà tí àṣá kankan ò wọ oko rẹ̀. Eutimio ò gbà. Ó ri ọ̀pá mọ́ àárín ọkà, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn bí àmì ìtẹ́, ó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Leocadia wá. Ó rọra wọ inú ọkà, ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa nàró, adìẹ Visitación, ìyàwó Eutimio, ló gbé dání, tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Bàbá, adìẹ lèyí."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe ń wò ọ́. Ó ti di ẹyẹ igbó."

"Ẹgbẹ́ wa kì í sanwó adìẹ."

"Ẹ san ìdajì."

Lọ́dún tí àṣá bá sì wà lóòótọ́, Isidoro ni ìjà máa ń kàn. Bí ilẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni Isidoro ṣe ń gbowó. Bó bá ti parí iṣẹ́, Eutimio á fẹsẹ̀ wọn ibi tí wọ́n fi sílẹ̀.

"O ò gé ibí. Yọ owó rẹ̀ kúrò."

"Mo yí i po! Yíyípo ń jẹ epo ju kí n gba àárín rẹ̀ kọjá lọ."

"Ta ló ní kó o yí i po?"

"Ìwọ ni!"

"Èmi ní kó o má gé e. Mi ò dárúkọ yíyípo."

Wọ́n á gbé e dé ilé ọtí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ̀ ló máa sanwó ohun tí wọ́n mu. Kì í rẹ Eutimio.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń gbowó lé. Sisón wà, ẹyẹ kékeré tí akọ rẹ̀ máa ń dún prrt, bí ẹni ń fi ètè ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn. Ọdọọdún ló ń dín kù, títí a ò fi rí i mọ́. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, Eutimio á ní ó lọ ṣòwò ní Pọtogí, ó máa tó dé. Ní ìgbà ìrúwé tó lò kẹ́yìn láyé, etí rẹ̀ ti ń di. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, ó fa Isidoro lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta.

"Ṣé ó ń dún?"

Isidoro tẹ́tí. Atẹ́gùn ló gbọ́, àti agogo ọrùn àgùntàn lọ́nà jíjìn.

"Ó ń dún."

"Níbo?"

"Lápá ibi kànga."

Eutimio kọjú sí apá ibi kànga. "Òpùrọ́," ó ní. "Kì í lọ síbi kànga."

Lórí ẹ̀rọ rẹ̀ létí oko, Isidoro ń ṣírò, nítorí ìṣírò ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá gba àárín kọjá, á tètè parí, oníbàárà mìíràn sì ń dúró dè é. Bó bá yí i po, epo á lọ, Amancio á bínú, kò sì sí ẹni tí yóò san án. Ìyá àṣá ń fò yípo lókè, ó gbé alángbá lẹ́sẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó lè balẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìṣírò náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Síbẹ̀, ọwọ́ Isidoro kọ̀, kò lọ síbi jíà.

Visitación ló gba ojú ọ̀nà eléruku wá, nínú aṣọ dúdú, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀.

"Isidoro, ọkọ mi! Pa nǹkan yìí, mi ò gbọ́ ohùn ara mi!"

Ó pa á. Ìyá àṣá já wọ inú ọkà lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Ìyàwó wa, Amancio ní kí n gé gbogbo rẹ̀."

"Amancio ò tíì jogún. Orúkọ mi ló wà lórí ilẹ̀ yìí, títí wọ́n á fi gbé mi lọ bá bàbá rẹ̀. Kí àwọn alálímọ́ńdì wọn ibi tó kù. Ibi tí àṣá wà, wọ́n á dúró dè é."

"Tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fò lọ tán ńkọ́?"

Obìnrin náà wo pápá títí. "Álímọ́ńdì ni nígbà yẹn. Owó ìfẹ̀yìntì ò tó mi í jẹun, Isidoro. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fi abẹ gé àlejò Eutimio níṣojú mi."

Isidoro ti la ẹnu láti sọ pé òfẹ́ lòun máa yí i po. Ó tún un rò. Bó bá ní òfẹ́ ni, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Visitación á dúpẹ́, á lọ jókòó sínú ilé tó dákẹ́ yẹn. Isidoro fajú ro.

"Owó gbogbo oko ni mo máa gbà. Màá gba ti yíyípo lọ́tọ̀."

Visitación fi ọ̀pá gbá táyà ẹ̀rọ. "Ojú ò tì ẹ́? Ìwọ lo jẹ àṣá yìí lówó! Níbo lo ń gbé ẹ̀rọ rẹ sí nígbà òtútù?"

"Nínú àká yín."

"Ǹjẹ́ eku jẹ wáyà kan rí níbẹ̀? Ta lo rò pé ó ń pa wọ́n?"

"Visi! Nígbà òtútù, Áfíríkà ni àṣá ń wà!"

"Ó ti jẹ àwọn ìyá eku tán kó tó lọ."

Isidoro bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé ìdarí ẹ̀rọ, nígbà tó sì yá, ẹ̀rín nìkan kọ́ ló ń mì í léjìká mọ́. Visitación gbé ọwọ́ lé bàtà Isidoro, torí ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi tán lára ọkùnrin náà.

Isidoro yí i po. Ọkà tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tóbi ju èyí tí Eutimio fúnra rẹ̀ rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lálẹ́, Visitación gbé owó wá fún un. Ó ti yọ ti ibi tí kò gé kúrò, ó sì ti yọ ti eku.

"Ó kù," ni Isidoro wí.

"Kò kù."

Àwọn ọmọ àṣá fò lọ nínú oṣù keje. Títí di òní, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Isidoro máa ń kan ilẹ̀kùn Visitación láti wá béèrè owó rẹ̀. Obìnrin náà á ní kò kù, á gbé àga fún un, á sì bu wáìnì sí ife méjì.