Àbúrò Tí Kò Bá Wọn Padà sí Hamburg

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, iṣẹ́ Pflege, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe, ìyá arúgbó kan ni mo sì ń tọ́jú ní Rothenburgsort, àdúgbò kan ní Hamburg. Màmá ni mò ń pè wọ́n, torí kò rọ̀ mí lọ́rùn kí n máa fi orúkọ pe àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn nínú aṣọ dúdú. Wọ́n ní àbúrò àwọn tó jẹ́ ọkùnrin ti kú ní abúlé kan, kí n jọ̀ọ́ sìn wọ́n lọ síbi ìsìnkú.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ náà fún mi.

"Nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ lu Hamburg, ìjọba ń kó àwọn ọmọdé lọ sí ìgbèríko. Ìyá mi mú àwa méjèèjì lọ wọ ọkọ̀. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já geere ni. Màmá mi ní, 'Má fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ o.' Màmá mi wá padà sílé. Kò pẹ́ tí àdúgbò wa fi jóná, iná yẹn ló pa wọ́n.

"Ìyàwó àgbẹ̀ kan ló gbà wá sílé. Nígbà tí ogun parí, àǹtí wa wá kó wa. Àbúrò mi dì mọ́ obìnrin yẹn, ó ń ké 'Mama, Mama.' Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ńṣe ló máa ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò."

Ọmọbìnrin tèmi, tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi l'Ábẹ́òkúta títí mo fi rí ìwé ìgbélùú gbà, ìjọ́ tó dé Hamburg, "Ẹ káàsán, àǹtí" ló kí mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí. Ọmọ kékeré kan nawọ́ sí Màmá, ó bi bàbá rẹ̀ pé ta nìyẹn. Ọmọ bíbí inú olóògbé ni bàbá náà.

"Màmá kan ni, láti Hamburg," ló dá a lóhùn.

Màmá gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi bo sàréè náà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Màmá náà kú. Èmi àti ọmọ mi la lọ sin wọ́n. Ẹnì kankan ò wá láti abúlé.