Fọ́ọ̀mù Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Mo Kọ Márùn-ún Sí

Aránṣọ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Yàrá kan lòun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé, lókè ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sójú fèrèsé kó má baà máa tan iná lọ́sàn-án. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Kì í kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bó bá ti fi tépù yí ọmọ ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Bó bá pàdé ọmọ náà lójú títì lọ́dún kejì, á dá a dúró: "Ìwọ, o ti fi íǹṣì méjì ga sí i. Sọ fún ìyá ẹ kó má fi ṣòkòtò tó ń bẹ lórúnkún rán ẹ jáde mọ́."

Ẹnu rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ lọ wáṣẹ́ sí ìlú míì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, a ò rí i, a ò gbúròó rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn." A ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Èmi ni akọ̀wé ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí nínú àwa tá a jọ ń sọ èdè kan náà, mo sì gbọ́ èdè àwọn ọmọ ìlú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé làwọn èèyàn wa ń pè mí. Bí lẹ́tà bá ti ilé ìwé wá, èmi ni wọ́n á gbé e wá fún.

Kíláàsì kan wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Àwọn ọmọ tí èdè ilé wọn yàtọ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ní kí ọmọ lò níbẹ̀, títí yóò fi gbọ́ èdè. Ọmọ aránṣọ ti lo ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, òun ló ń ka gbogbo ìwé tí onílé wọn bá kọ fún ìyá rẹ̀, ó sì ń bá onílé náà jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Kíláàsì Ẹ̀yìn, pẹ́pẹ́yẹ ló ń kùn ní àwọ̀ yẹ́lò. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ tó bá wà ní Kíláàsì Ẹ̀yìn kò lè jókòó fún ìdánwò àtiwọ ilé ìwé gíga.

Nígbà tó yá, olùwádìí kan wá láti yunifásítì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń gbé báàgì tó wúwo jù ú lọ. Dókítà là ń pè é. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Kíláàsì Ẹ̀yìn ń fa àwọn ọmọ àlejò sẹ́yìn. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ṣèlérí pé bí ìwádìí bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dán gbogbo ọmọ ibẹ̀ wò kí ìdánwò ọdún náà tó dé, kí èyí tó bá yege lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó.

Dókítà ní ọ̀nà méjì lòun máa gbà. Òun á fún ọgọ́rùn-ún ìyá ní fọ́ọ̀mù, kí wọ́n mú nọ́ńbà láti oókan dé àrún. Oókan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, àrún ni ó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Lẹ́yìn náà, òun á jókòó ti ìyá méjìlá, òun á gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ńbà á sọ iye àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ẹnu wọn á sọ ibi tó ti ń dùn wọ́n." Ó wù mí gan-an bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún náà jẹ́ èèyàn wa, ọ̀pọ̀ wọn ò sì lè ka fọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìbéèrè fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n dúró, kí n kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá mú.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi wọ́n sí. Aago márùn-ún ni ìpàdé àdúrà wa, èmi ni mo sì ń darí rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo kí wọn, mo ní, "Kíláàsì ọmọ ńkọ́?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Mo kọ márùn-ún, mo lọ sílé kejì.

Ta ni kò mọ àwa? Bí iná bá ń jó ilé wa, tẹ́ ẹ bá ní ṣé dáadáa ni, a máa dúpẹ́ ná ká tó pariwo omi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ló gbẹ̀yìn. Pínnì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé."

"N ò wọlé, àdúrà ń dúró dè mí. Kíláàsì ọmọ ẹ ńkọ́?"

Ó yọ pínnì lẹ́nu. "A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́..."

"Màá padà wá."

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ márùn-ún. Mo dé ìpàdé kí aago tó lù. Mo rántí pé mo gbàdúrà fún àwọn ọmọ tálákà lọ́jọ́ náà, mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dókítà jókòó ti aránṣọ, èmi ni ògbufọ̀. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n, irú pẹ́pẹ́yẹ wo ni wọ́n ń kùn fún ọdún mẹ́ta tí kò tíì fò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń sunkún nínú ẹ̀rín náà. "Èmi ni mò ń rán aṣọ àwọn tó ń lọ ilé ìwé gíga. Mo mọ ìwọ̀n gbogbo wọn. Ọmọ tèmi nìkan ni n ò tíì gé aṣọ fún."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà gbé fọ́ọ̀mù aránṣọ àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì mi.

"Ẹ wò ó, mà. Obìnrin kan náà ni. Ìwé ní ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pátápátá. Ohùn rẹ̀ ní ó ń sunkún. Gbogbo àwọn èèyàn yín ló sì rí bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ilẹ̀kùn ọ̀gá ilé ìwé ṣí sílẹ̀, mò ń rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló bà mí lẹ́rù. Ojú ń tì mí kí ọmọdé yìí gbọ́ pé adarí àdúrà purọ́. Mo ní, "Àwọn èèyàn wa, bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń gbọ́ wọn, wọ́n á sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sínú àbájáde ìwádìí.

Ọ̀gá ka àbájáde náà níbi ìpàdé àwọn òbí: inú ọ̀pọ̀ ìyá dùn sí Kíláàsì Ẹ̀yìn, nǹkan kan ò ní yí padà lọ́dún yìí. Aránṣọ dìde. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ìyá wo ni inú rẹ̀ dùn? Ọ̀gá ṣí ìwé, ó wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí, ó ní, "Ìwọ gan-an. Márùn-ún lo mú."

Kò wo ọ̀gá mọ́. Èmi ló ń wò. Ó sọ ọ́ ní èdè wa, jẹ́jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ bi mí?"

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá béèrè.

Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun, sà."

Gbogbo obìnrin wa tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Aránṣọ mú ìborùn rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kúnlẹ̀. N ò ní purọ́ kún un: n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tiẹ̀ ń ṣe mí bíi pé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti jáde kúrò nínú yàrá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i. Ó yọ fọ́ọ̀mù mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà kúrò, ó mú ògbufọ̀ míì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá méjìdínlọ́gbọ̀n mú oókan tàbí èjì. Ọ́fíìsì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, ọmọ aránṣọ yege. Ṣùgbọ́n ìdánwò ilé ìwé gíga ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá.

Mo lọ bẹ aránṣọ. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn aṣọ tó ti gé.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dárí jì yín. Bí n ò bá dárí jì yín, n ò ní lè ránṣọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀." Ó fi ẹnu tọ́ka sí orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ náà ń kàwé níbẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn, pé n ò bi ìyá rẹ̀. Ó fi ìka sí ibi tó kà dé.

"Ṣé wọ́n á ṣe ìdánwò míì fún wa, mà?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti lọ nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rò ó díẹ̀. Kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó padà sínú ìwé rẹ̀.

Pásítọ̀ wa ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Lọ́pọ̀ ọjọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó nídìí tábìlì mi lówùúrọ̀, mo máa ń rí ọmọ aránṣọ láti ojú fèrèsé, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń dá kọjá láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Ó ń kí mi. Kò gbójú sá fún mi rí. Èmi ni mo máa ń wo ibòmíì.